Ọkọ̀ Àtijọ́ Nínú Àgbàlá: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Àwọn Tí Ń Fọwọ́ Ara Wọn Tún Mọ́tò Ṣe

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ́tò ilẹ̀ wa kò tíì fẹnu kò lé lórí, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a bọ̀: ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì, tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ ti olùkọ́ tàbí ti akọ̀wé tàbí ti oníṣòwò, ṣé ó tọ́ kí ó máa tọ́jú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti lé ní ogójì ọdún sí àgbàlá ilé rẹ̀, kí ó ká apá aṣọ sókè ní ọjọ́ Sátidé, kí ó sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, àbí kí ó tà á fún àwọn onírin àlòkù, kí ó sì fi owó rẹ̀ kún owó tòkunbọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ní Kútọnu?

Àwọn tí wọ́n ní kí a tà á kì í fi ọ̀rọ̀ bò. Lójú tiwọn, ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ àmì àìríná-àìrílò, àti pé ẹni ńlá tí a bá bá lábẹ́ mọ́tò ní ọ̀sán gangan, tí ọ́ìlì ń kán sí i létí, ti fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ iyì ara rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ náà kò ṣàì ní èsì, nítorí kíá ni wọn yóò dáhùn pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún-tòsì, ohun tí mo sì rí ni pé ọjọ́ orí ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì gbé dání, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí kọ́ ni ẹjọ́ yìí dá lé. Mọ́tò tí ó yẹ kí onílé máa tún ṣe ni èyí tí àìsàn rẹ̀ kò lè fara pamọ́ fún ojú, etí àti imú ẹni tí ó ni ín. Èyí tí àìsàn rẹ̀ bá ń fara pamọ́, ìbáà jẹ́ àná ni wọ́n ṣe é, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ni kí ó máa gbé e lọ.

Nínú àwọn ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu ní ilẹ̀ Yorùbá, mẹ́ta ni orúkọ wọn kò lè tètè parẹ́. Àkọ́kọ́ ni Mọ́rísì Máínọ̀, tí Alec Issigonis yàwòrán rẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1948, tí àwọn olùkọ́ àgbà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ayé ọjọ́un sì fi ń yan fanda; ṣùgbọ́n ìyẹn ti di ọ̀wọ́n, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Èkejì ni Vọ́kísìwágìnì kékeré tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí Ìjàpá, Alábahun ọkọ Yánníbo, tí ó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, tí ó sì sọ iwájú di ibi ìkẹ́rù. Ẹ̀kẹta ni Pijó, láti orí 403 dé orí 404 àti 504, ọkọ̀ tí kò sí àgbà kan láàárín Èkó, Ìbàdàn àti Ilọrin tí kò tíì wọ̀ ọ́ rí. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ọdún yẹn náà sì ni ti Pijó bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Kódà, láti Brazil ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan wá sí Ọ̀jọ́, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Brasília, tí a fi orúkọ Igala tà níhìn-ín. Ọkọ̀ tí a tò pọ̀ nílẹ̀ wa kì í ṣe àjèjì sí àwọn oníṣẹ́ wa; ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ nípa wọn fi tàn kálẹ̀ dé abẹ́ igi ọdán tí kò ní iná mànàmáná.

Ìtàn Ìjàpá fúnra rẹ̀ kò kúrú. Ferdinand Porsche ni ó ṣe olórí àwọn tí ó fọgbọ́n yọ ọ́, 1938 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ ní ìlú tí a wá ń pè ní Wolfsburg ní Jámánì, ogun sì dé, ilé iṣẹ́ náà di ibi tí a ti ń ṣe ohun èlò ogun. Nígbà tí ogun parí, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Ivan Hirst ni ó gbé àwókù náà dìde ní 1945, tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde padà. Láti ìgbà náà, ó rìn títí ó fi dé Mẹ́síkò, níbi tí èyí tí ó kẹ́yìn ti jáde ní ìlú Puebla ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Keje 2003, tí iye gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 21,529,464. Ohun tí ó yẹ kí onílé dì mú nínú ìtàn yìí ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọgbọ́n kan náà ni: sílíńdà mẹ́rin tí ó dùbúlẹ̀ méjì-méjì, afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ ni ó ń tù wọ́n, kò sí omi, kò sí rádíétọ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ gbogbo wọn tán.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹ̀ wò fínnífínní, èyíinì ni títò àlàfo fáàfù, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní títò tápẹ́ẹ̀tì. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni a ń ṣe é, kí a tó ṣáná sí ọkọ̀ rárá, nítorí ẹ́ńjìnnì tútù ni ìwọ̀n rẹ̀ wà fún. Onílé yóò jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, yóò fi sukudíráfà ja wáyà líle tí ó di ìdérí fáàfù mú sísàlẹ̀, ìdérí yóò sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi sípánà 21 yí púlè dáínámò títí àmì tí ó wà lára púlè ńlá ìsàlẹ̀ yóò fi ṣe déédéé ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù ti pín sí méjì, tí rótọ̀, ẹ̀yà tí ń yí láti pín iná fún sílíńdà, yóò sì kọjú sí ibi tí wáyà sílíńdà kìn-ín-ní wà. Nígbà náà ni fáàfù méjèèjì sílíńdà yẹn pa dé. Yóò wá ti abẹ géèjì tí ó nípọn tó 0.15 mìlímítà, ìwọ̀n ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ìjàpá ìgbẹ̀yìn, bọ àárín fáàfù àti ohun tí ń tẹ̀ ẹ́. Bí abẹ náà bá wọlé láìkan nǹkan kan, àlàfo ti pọ̀. Bí ó bá kọ̀ tí kò wọlé, àlàfo ti há. Bí ó bá wọlé tí ó sì ń fa ọwọ́ díẹ̀ nígbà tí a bá ń yọ ọ́, ó bọ́ sí i. Bí kò bá bọ́ sí i, yóò dẹ nọ́ọ̀tì 13, yóò fi sukudíráfà yí ìdè àárín rẹ̀, yóò dì í padà, yóò sì tún un wọ̀n, nítorí nọ́ọ̀tì náà a máa da ìwọ̀n rú nígbà tí a bá ń dì í. Ó di kí a yí púlè ìsàlẹ̀ padà sẹ́yìn ní ìdajì àyípo, kí a bọ́ sórí sílíńdà kejì, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹrin. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, iṣẹ́ ti parí.

Kí ni èrè rẹ̀? Fáàfù tí ń tú èéfín jáde kò ní ibòmíràn tí yóò ti fi ooru ara rẹ̀ sílẹ̀ ju orí ìjókòó rẹ̀ lọ. Bí àlàfo bá há, kò ní lè jókòó dáadáa, ooru kò ní rí ibi gbà, etí rẹ̀ yóò sì jó. Nítorí náà ni àwọn àgbà oníṣẹ́ fi máa ń sọ pé fáàfù tí ń pariwo kì í tètè kú, èyí tí ó bá dákẹ́ lójijì ni kí a bẹ̀rù. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí ó ṣáájú 1971, sílíńdà kẹta ni ó máa ń kọ́kọ́ fojú winá ọ̀ràn yìí, ìdí rẹ̀ sì ni pé ibi tí a gbé ohun tí ń tu ọ́ìlì sí ń dínà afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ awo kankan níbẹ̀: ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó yóò rí i. Irú ọkọ̀ tí mo pè ní ọkọ̀ tí àìsàn rẹ̀ kò lè fara pamọ́ nìyí. Iná pupa kan tí ó bá tàn níwájú awakọ̀ Ìjàpá lórí ìrìn lè sọ fún un pé bẹ́líìtì ti já, bẹ́líìtì kan náà ni ó sì ń yí dáínámò àti fáànù, nítorí náà kí ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ kí ó tó yan ara rẹ̀ jẹ.

Pijó 504 ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní 1968 ni ó jáde ní Faransé, wọ́n sì fi í jẹ oyè ọkọ̀ tí ó ta yọ jù lọ ní Yúróòpù ní 1969. Àwọn Faransé fúnra wọn dẹ́kun ṣíṣe é ní 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná ń tò ó pọ̀ títí wọ inú àwọn ọdún 2000. Àwọn tí ó bá ń ṣe kàyéfì nípa ìdí tí ó fi ń rìn lójú ọ̀nà gbágungbàgun, kí wọ́n rántí ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí 404 ti borí ní 1963, 1966, 1967 àti 1968, tí 504 sì borí ní 1975 àti 1978. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ fún onílé ni láínà rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bí sílíńdà bá jẹ, àfi kí a gbé búlọ́ọ̀kù odindi lọ fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Nínú ti Pijó, ihò sílíńdà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ tí omi yí ká, a lè fà á yọ, kí a ti tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítìnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí: ẹni tí ó bá ṣí tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì yìí, tí kò fi ohun kan tẹ àwọn láínà náà mọ́lẹ̀, tí ó wá yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, láínà yóò gbéra kúrò lórí gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí rẹ̀, omi yóò sì ráyè dà sínú ọ́ìlì. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ráhùn pé ẹ́ńjìnnì Pijó àwọn “ń pò mọ́ra” lẹ́yìn àtúnṣe, ibí yìí ni ọ̀ràn wọn ti ṣẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn mẹkáníìkì, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Wọ́n ní ọdún mélòó kan ni àwọn fi sin ọ̀gá, tí àwọn ń fọ irin, tí àwọn ń gbé jáàkì, kí wọ́n tó gbàdúrà fún àwọn lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù. Pé Ògún Lákáayé, ẹni tí ó ni irin, kì í fi àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ han ẹni tí kò jìyà fún un. Pé akọ̀wé tí ó ra àpótí sípánà kan kò tíì di ẹgbẹ́ àwọn. Òótọ́ ni. Èmi pàápàá yóò fi kún un pé bíréèkì tí ń lo omi, jíjó irin mọ́ra lábẹ́ ọkọ̀ àti iṣẹ́ tí ó nílò ẹ̀rọ ìgbẹ́rin kì í ṣe ohun tí onílé ń fi kọ́ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá rí ẹni fi ṣíṣe bíréèkì hàn án lójúkojú, kí ó jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìjà láàárín onílé tí ó mọ ọkọ̀ rẹ̀ àti oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Onílé tí kò mọ nǹkan kan, ohun tí ó máa ń gbọ́ ni, “Alhaji, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́la.” Èyí tí ó ti tò fáàfù rí yóò wí pé, “Ọ̀gá, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo sílíńdà kẹta, ó jọ pé fáàfù ibẹ̀ ti jó.” Ìṣòro àwọn kan nínú àwọn oníṣẹ́ wa kì í ṣe àìmọ̀ iṣẹ́, bí kò ṣe pé ẹni tí ó gbé ọkọ̀ wá kò lè sọ ohun tí ń ṣe é, wọn a sì máa pààrọ̀ eléyìí, pààrọ̀ tọ̀hún, títí wọn yóò fi kan èyí tí ó kú gan-an.

Nínú àwọn ìwé tí ó mú iṣẹ́ yìí wọ inú ilé ní òkè òkun, díẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì fún wa. John Haynes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1966, ọ̀nà rẹ̀ sì ni kí a tú ọkọ̀ odindi palẹ̀, kí a ya fọ́tò gbogbo ìgbésẹ̀, kí a sì tún un tò pa dà. John Muir ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé tirẹ̀ lórí Vọ́kísìwágìnì jáde ní 1969, ẹni tí kò tíì di sípánà mú rí ló kọ ọ́ fún, àwọn àwòrán inú rẹ̀ sì ń pani lẹ́rìn-ín. Ti Muir ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ń kọ́ni láti fetí sí ọkọ̀. Ti Haynes a máa ka ìgbésẹ̀ lérí-lérí bí ẹni ka ìṣirò, a sì máa parí rẹ̀ pé kí a tò ó pa dà bí a ṣe tú u, ọ̀rọ̀ tí ó ti mú kí ilẹ̀ mọ́ bá ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú gáréèjì.

Ọ̀rọ̀ ewu kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́nu wa. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń pa Ìjàpá, iná ni. Róbà tí ń gbé epo lọ sí kábúrétọ̀ a máa gbẹ, a máa sán, epo yóò sì máa kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Owó táṣẹ́rẹ́ ni róbà tuntun, kò sì sí ìdí tí ènìyàn yóò fi fi tàtijọ́ rìn. Ewu kejì ń bẹ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì wà: bí ẹni tí ó wúwo bá jókòó, tí ìdérí orí bátìrì kò sí, sípíríǹgì ìjókòó lè kan ẹnu rẹ̀, koríko inú ìjókòó yóò sì gbiná. Omi kíkan bátìrì yìí kan náà ni ìpáàrà fi ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní Èkó tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí i lọ́sàn-án lóru. (Ọ̀nà tí ó ń gbé ooru wọ inú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì náà a máa jẹrà, ohun tí a kò lò rí nílẹ̀ yìí ni ó wá ń ná wa lówó.) Ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó dúró lórí jáàkì nìkan, bí ó ti wù kí jáàkì náà tuntun tó.

Ní ti owó, irọ́ ni kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọkọ̀ àtijọ́ kì í náni lówó. Ó ń náni, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, àti pé onílé ni ó ń mọ ìgbà. Ẹrù ìnira rẹ̀ gan-an ni ayédèrú ẹ̀yà ara. Ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ní Àrárọ̀mí ní Ìbàdàn, kọ́ńtáàtì méjì (ẹ̀yà tí ń já iná tí ó sì ń so ó kí púlọ́ọ̀gì lè tanná) lè wà nínú páálí tí ó jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan lo ọdún kan, kí èkejì má lo oṣù kan. Àwọn tí ó gbọ́n a máa gbé tàtijọ́ dání lọ, wọn a sì fi wọ́n síra wọn kí wọ́n tó sanwó. Àlòkù tí ó jẹ́ ojúlówó sì sàn ju tuntun tí ó jẹ́ ayédèrú lọ níbi púpọ̀, yàtọ̀ sí ti bíréèkì.

Bí a bá wo ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tí ó wà ní òkè òkun, a ó rí i pé òfin ìlú ni ó ń pinnu bí ọkọ̀ àtijọ́ yóò ṣe pẹ́ tó. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí, ìran Yorùbá ibẹ̀, ṣì ń bọ Ògún títí dòní, ọkọ̀ tí ó ti wà ṣáájú ìyípadà ìjọba 1959 nìkan ni ará ìlú lè tà kí ó sì rà fàlàlà títí di 2011, nítorí náà ni àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà ràgàjì ṣe ń rìn ní Havana pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Rọ́ṣíà nínú wọn; àìní ni ó kọ́ wọn, kì í ṣe afẹ́. Ní Brazil, Ààrẹ Itamar Franco ni ó rọ ilé iṣẹ́ Volkswagen kí wọ́n padà máa ṣe Ìjàpá, tí wọ́n ń pè ní Fusca níbẹ̀, wọ́n sì ṣe é láti 1993 di 1996. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2018, ọkọ̀ tí ó ti lé ní ogójì ọdún tí a kò yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà ti bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò dandan ọdọọdún. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá: ọkọ̀ àgbà ni ó yẹ kí ojú kejì máa wò jù.

Ìgbádùn rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí kò tíì wa Ìjàpá ní ìdájí lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, kí oòrùn tó mú, tí fèrèsé ṣí sílẹ̀, tí ohùn fáànù ń hó lẹ́yìn, tí ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìró tí òun ń gbọ́ yìí, òun ni òun tò ó, yóò ṣòro fún un láti mọ ìdí tí àwọn kan kò fi ní gba pààrọ̀. Kì í sáré, kò tutù nínú, àwọn ọmọdé a sì máa sá tẹ̀ lé e. Wíwà á déédéé náà jẹ́ ara ìtọ́jú, nítorí ọkọ̀ tí a bá gbé kalẹ̀ láti ọdún dé ọdún, epo inú kábúrétọ̀ rẹ̀ yóò gbẹ di gọ́ọ̀mù, eku yóò sì fi wáyà rẹ̀ ṣe oúnjẹ.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tí ó mọ kábúrétọ̀ àti kọ́ńtáàtì dénú ti ń darúgbó, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sì ti gbájú mọ́ kọ̀ǹpútà tí a ń kì bọ ọkọ̀ ìwòyí, iṣẹ́ tí n kò bá wọn wí fún, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ìmọ̀ náà yóò kù sọ́wọ́ àwọn onílé bí a kò bá ṣọ́ra, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀yà ara. Ẹni tí ó bá ní Pijó 504, tí ó wá bá ojúlówó láínà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé nínú páálí wọn, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí wọn, nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbàlagbà kan tí ó fẹ́ kógbá wọlé, kí ó rà á lọ́jọ́ náà, kí ó fi ọ́ìlì pa á lára, kí ó sì gbé e pamọ́ síbi gbígbẹ, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì mu ọ́ìlì rárá.